Iná Mànàmáná Láti Inú Òkun: Odi Omi Rance

Rance jẹ́ odò kan ní ẹkùn Brittany ní ilẹ̀ Faransé. Ibi tó ti ń wọ òkun, láàárín Saint-Malo àti Dinard, ni wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ lágbàáyé sí tó ń fi kíkún àti fífà omi òkun pèsè iná mànàmáná. Ààrẹ Charles de Gaulle ló ṣí i ní 1966.

Òṣùpá ló ń fa omi òkun jù, oòrùn sì ń ràn án lọ́wọ́. Ní Rance, omi máa ń kún ju bó ṣe fà lọ ní nǹkan bíi mítà 8. Nígbà mìíràn ó ń ju 13 lọ. Ní etíkun Èkó, kò ju bíi mítà 1 lọ, nítorí náà irú odi bẹ́ẹ̀ kò lè mú iná tó jọjú wá níbẹ̀.

Odi náà gùn tó mítà 750, mọ́tò sì ń gba orí rẹ̀ kọjá. Tọ́báìnì 24 ló wà nínú rẹ̀, mẹ́gáwáàtì 10 lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí òkun bá ń kún, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn fún omi. Bó bá kún tán, wọ́n á tì í mọ́nú. Òkun á máa lọ sílẹ̀ níta, omi inú á wà lókè. Bí ìyàtọ̀ bá ti tó, wọ́n á tú u sílẹ̀, á rọ́ gba inú tọ́báìnì lọ, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ á sì máa yí láti mú iná wá. Tọ́báìnì wọ̀nyí tún lè ṣiṣẹ́ nígbà tí omi bá ń wọlé.

Iyì iná yìí ni pé a lè ṣírò ìgbà tí yóò wá ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú, èyí tí atẹ́gùn kò lè ṣèlérí. Àmọ́ òṣùpá kì í wo aago ìdáná: ojoojúmọ́ ni àkókò omi ń fi bíi ìṣẹ́jú 50 sún síwájú.

Àwọn ẹ̀dá inú odò náà jìyà. Nǹkan bí ọdún 3 ni wọ́n fi dí ẹnu odò pa nígbà ìkọ́lé, tí omi òkun kò wọlé mọ́, ọ̀pọ̀ ohun abẹ̀mí inú rẹ̀ sì kú. Ó tó bí ọdún 10 kí ẹja àti akàn tó padà dáadáa. Àwọn ẹja kan kò padà rárá, ẹrẹ̀ sì ń gbá jọ lẹ́yìn odi títí dòní. Ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́ irú rẹ̀ kọ́kọ́ wo èyí.

Ti adágún Sihwa ní Gúúsù Kòríà kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti mọ odi níbẹ̀ ní 1994 láti rí omi fi bomi rin oko, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ ba omi náà jẹ́. Ní 2011 wọ́n fi tọ́báìnì 10 sí i, mẹ́gáwáàtì 254 lápapọ̀, èyí tó ju ti Rance lọ. Láti ìgbà náà ni omi òkun ti ń wọlé tó ń jáde, adágún náà sì ti mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.