Finlandia: orin òmìnira tí ìró rẹ̀ dé ojú ọ̀nà Orè

Finlandia jẹ́ orin ọ̀kẹ́sítírà tí Jean Sibelius, ọmọ Finland (1865–1957), kọ ní 1899. Kò ju ìṣẹ́jú 9 lọ, kò sì ní ọ̀rọ̀ kankan nínú nígbà tó jáde. Abẹ́ ọba Rọ́ṣíà ni Finland wà nígbà náà. Ní oṣù Kejì ọdún yẹn, ọba náà, Nicholas Kejì, pàṣẹ tó gba agbára lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀, wọ́n sì ń ti ilé ìwé ìròyìn pa. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, wọ́n ṣe àṣeyẹ ní Helsinki láti kówó jọ fún àwọn oníròyìn. Orin yìí ló kádìí eré tí wọ́n fi ṣàfihàn ìtàn ilẹ̀ wọn. Owó ni wọ́n ní àwọn ń kó jọ, ṣùgbọ́n ẹ̀hónú ni wọ́n ń fi hàn. Sibelius tún orin náà ṣe ní 1900, ọdún náà ló sì gba orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí lónìí.

Àwọn fèrè idẹ ló ń ṣáájú, ohùn wọn wúwo, ó ń kùn bí ẹni tí wọ́n dì lókùn. Ìlù dún, eré bẹ̀rẹ̀ sí í yá, ariwo gòkè. Lójijì ni gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, fèrè onígi gbé orin kan wọlé jẹ́jẹ́, àwọn gòjé sì gbà á lẹ́nu wọn. Ibi ìdákẹ́jẹ́ yìí gan-an ni mo gbà pé òmìnira wà, kì í ṣe inú ariwo. Ọ̀pọ̀ rò pé orin ìbílẹ̀ ni ohùn jẹ́jẹ́ yìí. Sibelius ní òun lòun ṣẹ̀dá rẹ̀. Àwọn kan tọ́ka sí i pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jọ orin ẹgbẹ́ akọrin kan tí Emil Genetz ti kọ ṣáájú. Ìjọra náà wà, àmọ́ ohùn díẹ̀ tó jọra kò tó ẹ̀rí pé ó mú un lọ́dọ̀ rẹ̀.

Láti 1940 ni ọ̀rọ̀ tí akéwì V. A. Koskenniemi kọ ti bá ohùn yìí rìn ní Finland. Àwọn ọmọ ìjọ mọ̀ ọ́n sí Be Still, My Soul.

Ní 1967, Biafra, tó yà kúrò lára Nàìjíríà, fi ohùn kan náà ṣe orin orílẹ̀-èdè, Nnamdi Azikiwe ló kọ ọ̀rọ̀ sí i. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún náà, ọmọ ogun Biafra ré odò Ọya kọjá sí ẹkùn Midwest, Victor Banjo, ọmọ Yorùbá, ló ṣáájú wọn, wọ́n sì dojú kọ ọ̀nà Èkó. Orè, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó lónìí, ni ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn dúró. Títí di òní, bí nǹkan bá le, ẹ ó gbọ́ lẹ́nu wa: ó le kú, ìjà Orè! Orin tí Biafra ń fi pe òmìnira, ìbọn ló bá a dé ojú ọ̀nà tiwa. Ẹnìkan lè ní ẹ̀ṣẹ̀ ogun kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ orin. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orin tí kò dárúkọ aninilára, tí kò dárúkọ ẹni tí wọ́n ni lára, ẹni tó bá gbé e ló máa sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn mìíràn á ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìtàn nìkan ló sọ ọ́ di orin òmìnira. N kò gbà: ìrìn rẹ̀ láti inú ìdè wá sínú ìdẹ̀ra wà nínú ohùn náà fúnra rẹ̀, kódà fún ẹni tí kò gbọ́ Helsinki rí.

Biafra parí ní oṣù Kìíní 1970. Finland, tó ti gba òmìnira ní 1917, kò tíì fi Finlandia ṣe orin orílẹ̀-èdè rẹ̀. Maamme ni wọ́n ń kọ.