Eré kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí a tún ṣe: èwo la lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́ láì jalè?

Ọ̀rọ̀ eré la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n owó wà nínú rẹ̀, òfin sì wà nínú rẹ̀.

Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ níṣẹ́, ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Àwọn tí wọ́n fẹ́ rán lọ sí abúlé máa ń bi mí pé: "Ọ̀gá, ordinateur kan ṣoṣo ló wà ní ilé ìwé tí à ń lọ, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Ṣé a lè fi eré sínú rẹ̀ fáwọn ọmọ láìsanwó, láìjí nǹkan oníǹkan?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ó ṣeé ṣe, tẹ́ ẹ bá mọ èyí tẹ́ ẹ máa mú. Àlàyé tí mo máa ń ṣe fún wọn ni mo kọ síbí.

Kí là ń pè ní eré tí a tún ṣe?

Eré tuntun ni, tí ẹnì kan kọ kó lè jọ eré àtijọ́ kan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe eré àtijọ́ yẹn náà ni wọ́n ṣe ń ṣe tuntun. Ṣùgbọ́n ẹni tó tún un ṣe ló kọ àwọn àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé, ohun tí àwọn Faransé ń pè ní code source. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ya àwòrán inú rẹ̀, àwọn ló sì fi ohùn sí i.

Ẹ jẹ́ ká fi ayò ṣàpẹẹrẹ. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ta ló ni òfin yẹn? Kò sẹ́ni tó ni ín. Agbẹ́gilére tó wà ní Kétu lè gbẹ́ ọpọ́n, èyí tó wà ní Ṣábẹ̀ lè gbẹ́ tirẹ̀, ẹnì kan ò ní pe ẹnì kejì lẹ́jọ́. Àmọ́ bí mo bá wọlé agbẹ́gilére lóru, tí mo gbé ọpọ́n tó ti gbẹ́ sá lọ, olè ni mí. Bẹ́ẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ eré kọ̀ǹpútà rí. Òfin eré dà bí òfin ayò. Àwòrán, orin, orúkọ àti code inú rẹ̀ dà bí ọpọ́n tí ẹnì kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́. Ẹni tó tún eré ṣe dáadáa gbẹ́ ọpọ́n tuntun. Ẹni tó kàn da eré oníeré kọ, tó ń pín in kiri, ọpọ́n ẹlòmíràn ló gbé.

Níbo làwọn eré àtijọ́ náà ti wá?

Lọ́dún 1972, ilé iṣẹ́ Atari ní Amẹ́ríkà gbé Pong jáde. Ìlà funfun méjì ń gbá bọ́ọ̀lù síra wọn lójú ẹ̀rọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú àpótí ńlá tó ń gba owó ẹyọ ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí, nínú ilé ọtí àti ilé ìṣeré. Lọ́dún 1978, Tomohiro Nishikado ṣe Space Invaders fún Taito ní Japan. Lọ́dún 1980, Toru Iwatani ṣe Pac-Man fún Namco, ní Japan kan náà: ẹnu róbótó kan tó ń jẹ nǹkan kiri nínú ọ̀nà kọ́lọ́kọ̀lọ, tí iwin mẹ́rin ń lé e. Lọ́dún 1984, ní Moscow, Alexey Pajitnov ṣe Tetris, níbi tí àwọn ègé ti ń já bọ́ láti òkè, tí a sì ní láti tò wọ́n kí ìlà lè kún.

Ẹ̀rọ ìgbà yẹn ò lágbára. Àwọn tó ń ṣe eré kò lè gbẹ́kẹ̀ lé àwòrán tó ń dán, òfin eré fúnra rẹ̀ ló ní láti dùn. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi gbó. Ìdí nìyẹn náà tí àtúnṣe wọn fi ń ṣiṣẹ́ lórí ordinateur àtijọ́ tẹ́nikẹ́ni ò fẹ́ mọ́, irú èyí tí ilé ìwé wa máa ń rí gbà.

Ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n ń gbà tún un ṣe

Àkọ́kọ́: ẹlòmíràn á wo bí eré náà ṣe ń lọ, á wá kọ tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Freeciv ṣe bẹ̀rẹ̀. Civilization ni Sid Meier gbé jáde ní 1991: èèyàn á tẹ ìlú dó, á kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, á bá àwọn aládùúgbò ṣòwò tàbí kó bá wọn jagun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní yunifásítì Aarhus, ní Denmark, kọ irú rẹ̀ tiwọn, wọ́n sì fún aráyé lọ́fẹ̀ẹ́ ní 1996. Títí dòní àwọn èèyàn ṣì ń ṣàtúnṣe sí i.

Èkejì: ẹni tó ni eré náà fúnra rẹ̀ á ṣí code rẹ̀ sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ id Software gbé Doom jáde ní 1993, wọ́n sì ṣí code rẹ̀ sílẹ̀ ní 1997. Ṣùgbọ́n wọn ò fi àwòrán àti ohùn ṣe ọ̀fẹ́. Ni àwọn kan bá kóra jọ, wọ́n ya gbogbo àwòrán tuntun, wọ́n ṣe ohùn tuntun, wọ́n pè é ní Freedoom. Ẹ kíyè sí i o: eré ìbọn àti ẹ̀jẹ̀ ni, kì í ṣe ti ọmọdé.

Ẹ̀kẹta: wọ́n á tún code nìkan kọ, ṣùgbọ́n ẹ ní láti ti ra eré àtijọ́ kẹ́ ẹ tó lè lò ó, torí inú rẹ̀ ló ti máa mú àwòrán. Bí OpenXcom ṣe rí nìyẹn. OpenTTD náà bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní 2004, nígbà tí Ludvig Strigeus, ọmọ Sweden, tún Transport Tycoon tí Chris Sawyer ṣe ní 1994 kọ. Nígbà tó fi máa di 2010, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti ṣe àwòrán àti ohùn tiwọn, kò sídìí láti ra ohunkóhun mọ́. Ẹ bá ń wá eré kan, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá irú ẹ̀kẹta yìí ni, kẹ́ ẹ má bàa fi mégà ṣòfò lórí eré tí kò ní ṣí.

"Gratuit" yàtọ̀ sí "libre"

Àwa tá a kàwé ní Faransé, ọ̀rọ̀ yìí ò ṣòro fún wa. Nǹkan gratuit, ọ̀fẹ́ ni: wọn ò gbowó. Nǹkan libre, òmìnira wà nínú rẹ̀: ẹ lè lò ó, ẹ lè wo inú rẹ̀, ẹ lè yí i padà, ẹ lè dà á kọ fún aládùúgbò. Richard Stallman, ará Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ ìgbìyànjú yìí ní 1983, ó sì kọ ìwé àṣẹ kan ní 1989 tí wọ́n ń pè ní GPL. Ọ̀pọ̀ eré tí mo dárúkọ níbí, abẹ́ GPL ni wọ́n wà.

Ọ̀pọ̀ eré tó wà lórí fóònù jẹ́ ọ̀fẹ́ láìní òmìnira. Wọn ò gbowó lọ́wọ́ yín, àmọ́ pub ló kún inú wọn, pub yẹn sì ń jẹ forfait yín. Ẹ fi 500 fránkì ra mégà láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti tán, ẹ ò mọ ohun tó jẹ ẹ́.

Òmìnira yìí ṣe pàtàkì fún abúlé ju ìlú ńlá lọ. Tí ẹnì kan bá gba eré GPL lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní cyber ìlú, ó lè fi clé USB gbé e padà wálé, kó fún gbogbo ilé ìwé, kí ilé ìwé fún gbogbo ọmọ. Òfin fàyè gba gbogbo rẹ̀.

Ibi tí òfin ti dá wa dúró

Àwọn kan rò pé tí a kò bá ti gbowó, kò sí ẹ̀ṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2016, Milton Guasti, ọmọ Argentina, gbé AM2R jáde lọ́fẹ̀ẹ́, àtúnṣe Metroid II tí Nintendo ṣe ní 1991. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe é, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, kò pẹ́ rárá tí Nintendo fi ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí pé orúkọ wọn àti akọni inú eré wọn ló wà níbẹ̀.

Ẹjọ́ Tetris náà kọ́ wa lọ́gbọ́n. Xio Interactive ṣe eré fóònù kan tí wọ́n pè ní Mino, tó jọ Tetris bí ìbejì. Àwọn tó ni Tetris gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ ní New Jersey, ní Amẹ́ríkà. Ní 2012, adájọ́ ní kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun nìkan ló ni òfin eré. Ṣùgbọ́n Xio ti mú ìrísí àwọn ègé náà àti ìwọ̀n ojú pápá wọn pẹ̀lú, wọ́n sì jẹ̀bi. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ọpọ́n ayò wa náà ni adájọ́ sọ.

Àwọn tí mo lè tọ́ka sí

Fún àwọn ọmọ kékeré: GCompris. Bruno Coudoin, ọmọ Faransé, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2000. Orúkọ rẹ̀, tẹ́ ẹ bá pè é síta, "J'ai compris" lẹ máa gbọ́. Kì í ṣe àtúnṣe eré àtijọ́ kan pàtó, àkójọ eré ẹ̀kọ́ ni: ìṣirò, kíkà, lílo eku kọ̀ǹpútà. Òun ni mo kọ́kọ́ máa ń fi sínú ẹ̀rọ ilé ìwé.

Frozen Bubble: Guillaume Cottenceau, ọmọ Faransé náà, ló ṣe é ní 2002. Ó jọ Puzzle Bobble tí Taito ṣe ní 1994. Ẹ ó máa ta bọ́ọ̀lù aláwọ̀ sókè, kí mẹ́ta tí àwọ̀ wọn bára mu lè pàdé. Kò sí ìwé kíkà nínú rẹ̀, ìyá àgbà pàápàá lè ṣe é.

Pingus: ó jọ Lemmings ti 1991. Ẹyẹ kéékèèké ń rìn lọ síwájú láìwo ẹ̀yìn, iṣẹ́ yín ni láti yan ẹni tó máa gbẹ́ ilẹ̀ àti ẹni tó máa tẹ́ afárá, kí wọ́n lè délé láyọ̀. Ó ń kọ́ ọmọ láti ronú kó tó ṣe.

SuperTux: tí ọmọ yín bá ń sunkún Super Mario, ẹ fún un ní èyí.

OpenTTD àti Freeciv: fún àwọn tó ti tó ọmọ collège. Àwọn méjèèjì wà ní èdè Faransé. Nínú OpenTTD, ẹ ó yá owó ní báńkì, ẹ ó la ọ̀nà, ẹ ó ra ọkọ̀, ẹ ó sì san gbèsè. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti mọ ohun tí èlé owó jẹ́.

Fún fóònù Android: àkójọ eré ọpọlọ ti Simon Tatham, níbi tẹ́ ẹ ti máa rí irú Démineur tó wà nínú Windows àtijọ́, àti Unciv, tó tún Civilization V ṣe pẹ̀lú àwòrán tó rọrùn. Wọn ò ní pub, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí ẹ ṣe máa gbà á láìko ìyọnu

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Nígbà kan, ọmọ mi ń béèrè Pac-Man. Mo tẹ orúkọ náà pẹ̀lú "gratuit", mo tẹ bọ́tìnnì ńlá àkọ́kọ́ tí mo rí. Pac-Man ò wá. Lọ́jọ́ kejì, mo ki clé USB tí mo kó máàkì kíláàsì mẹ́ta sí bọ inú ẹ̀rọ, gbogbo fáìlì ti di ọ̀nà àbùjá tí kò lọ síbì kankan. Fáírọ́ọ̀sì ni. Mo tún máàkì ọ̀hún kọ láti inú pépà àwọn ọmọ, òru mẹ́rin gbáko. Èmi olùkọ́ nìyẹn o! Torí náà:

1. Ẹ lọ sí ojúlé àwọn tó ṣe eré náà gan-an. Fún fóònù, ẹ lọ sí F-Droid, tó ń kó kìkì àwọn tó jẹ́ libre jọ, tàbí Play Store.

2. Ẹ wo bóyá wọ́n kọ irú ìwé àṣẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ojúlówó kì í fi pamọ́.

3. Tí eré ègé jíjá bọ́ bá ń béèrè láti wo nọ́ńbà àwọn èèyàn yín tàbí láti ka message yín, ẹ yọ ọ́ kúrò. Kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe?

4. Ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ wá ṣí eré náà. Tí kò bá ṣí, kò lè wúlò ní abúlé.

5. Àwọn tó ń da eré sínú carte mémoire lọ́jà, ẹ bi wọ́n níbi tí wọ́n ti rí i. Tí wọn ò bá mọ̀, ẹ má gbà á.

Ohun kan ṣì kù. Torí pé code àwọn eré yìí ṣí sílẹ̀, ẹnikẹ́ni lè tú ọ̀rọ̀ inú wọn sí èdè rẹ̀. Bí àwọn ọmọ Faransé ṣe rí OpenTTD ní èdè wọn nìyẹn: àwọn olùyọ̀ǹda ló jókòó, tí wọ́n tú u ní gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn. Àwa náà lè ṣe é sí Yorùbá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi méjì ti ń gbìyànjú rẹ̀ lórí eré kékeré kan, ọ̀rọ̀ "Niveau" ló kọ́kọ́ dá wọn dúró. Ọ̀kan ní "ìpele", èkejì ní "àtẹ̀gùn". Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ máa pè é nílé yín?