Ọ̀nà Ni Ìwé Ìtàn Èjìgbò

Abúlé ilẹ̀ Faransé tó bá fẹ́ fi ìtàn rẹ̀ han àlejò kì í ní ìṣòro púpọ̀. Ilé ìjọsìn olókùúta wà láàárín ìlú, òfin ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1913 sì ti fún ìjọba lágbára láti dáàbò bo irú ilé bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà wó o. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tún wà tó gba inú oko àti igbó kọjá. Láti ọdún 1947 ni àwọn tó fẹ́ràn ìrìn ẹsẹ̀ níbẹ̀ ti ń fi ọ̀dà funfun àti pupa sàmì sára igi àti òkúta, kí àlejò má baà ṣìnà. Ẹni tó bá gbé irú ojú bẹ́ẹ̀ wá sí Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tàbí sí Ọ̀là, Màsífà àti Ifẹ̀-Ọ̀dàn tó wà ní àgbègbè rẹ̀, lè ní kò sí ohun tí òun rí wò. Amọ̀ ni àwọn baba ńlá fi mọ ilé wọn, òjò sì ti wó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀; símẹ́ńtì àti páànù ló gba ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí irú àlejò bẹ́ẹ̀ wò ni kò tọ́. Ojú ọ̀nà ni ìtàn Èjìgbò pọ̀ sí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìlú náà, kó tọ àwọn ọ̀nà tó mú un dá sílẹ̀, tó so àdúgbò rẹ̀ pọ̀, tó sì gbé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sẹ́yìn odi. Ẹni tó bá sì fẹ́ tọ́jú ìtàn náà, ibẹ̀ náà ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni èyí tí Akínjọlé gbà wá láti Ilé-Ifẹ̀. Òun ni ìtàn sọ pé ó tẹ Èjìgbò dó, orúkọ Ògìyán tí wọ́n ń pè é ló sì di oyè ọba ìlú náà títí dòní. Ibi tí ẹnu kò ti kò ni ọ̀rọ̀ ìran rẹ̀. Ìtàn kan ní ìran Ọ̀rànmíyàn ni, pé òun àti arákùnrin rẹ̀ tó di Akirè ní Ìkirè-Ilé ni wọ́n jọ kúrò ní Ifẹ̀. Èyí tí Pierre Verger, ará Faransé tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí òrìṣà ní ilẹ̀ Yorùbá àti ní Bàhíà ní ilẹ̀ Brazil, kọ sílẹ̀ ní ti rẹ̀ sọ pé ọmọ Òrìṣà Olúfọ́n ti ìlú Ìfọ́n, tó jẹ́ ti ìdílé Ọbàtálá, ni. Ẹlòmíràn lè ní ìtàn tó bá pé méjì kò ṣeé fi júwe ọ̀nà fún ẹnikẹ́ni. Lójú tèmi, àríyànjiyàn yìí gan-an jẹ́ ẹ̀rí. Ìlú tó bá ní Ọ̀rànmíyàn ni baba òun ń bá ayé Ọ̀yọ́ sọ̀rọ̀, níbi tí ìran yẹn ti ń jọba. Èyí tó bá na ọwọ́ sí ìdílé Ọbàtálá ń rán Ifẹ̀ létí pé àtìgbà tí adé Odùduwà kò tíì fìdí múlẹ̀ ni àwọn ènìyàn òun ti wà. Ìlú tó jókòó sí àárín Ifẹ̀ àti ọ̀dàn Ọ̀yọ́ nílò ẹ̀rí méjèèjì. Ẹ sì wò ó dáadáa: ìran ni àwọn ìtàn náà ń jà lé lórí, wọn kò ja ìjà ọ̀nà. Láti Ifẹ̀, lọ sí ìhà àríwá, dé ibi tí igbó ti ń fẹ̀yìn ti ọ̀dàn tí iṣu sì ń ta dáadáa, orí èyí ni ẹnu wọn ti kò.

Ọ̀nà kejì kò gùn rárá. Inú ìlú ló wà, láàárín àdúgbò Ọ̀ṣọlọ̀ àti Òkè Màpó. Ìtàn tí Verger gbọ́ sọ pé Akínjọlé ní ọ̀rẹ́ kan, babaláwo tó ń jẹ́ Awólẹ́jẹ, tó gbà á nímọ̀ràn bí ìlú yóò ṣe dùn, tó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí Awólẹ́jẹ padà dé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti di ọba. Ó béèrè rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń pe ara wọn tẹ́lẹ̀, ó ní òun ń wá ọkùnrin tó fẹ́ràn iyán. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ka èyí sí àfojúdi, wọ́n nà án, wọ́n sì tì í mọ́lé fún ọdún méje. Òjò kọ̀, ilẹ̀ kò so, obìnrin kò bí. Ìgbà tí ifá tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà tí ọba tú ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, Awólẹ́jẹ ní kí àwọn ará ìlú máa na ara wọn ní ọdọọdún láti fi ṣe ètùtù. Látìgbà náà ni àdúgbò méjèèjì ti ń jáde pẹ̀lú àtòrì lásìkò ọdún Òrìṣà Ògìyán, tí wọ́n á máa na ara wọn títí ọ̀pá á fi ṣẹ́. Ìyànjẹ tó ti ààfin wá ni wọ́n ń rántí níbẹ̀, kì í ṣe ìṣẹ́gun ọba. Ìlú díẹ̀ ló máa ń fi ẹ̀bi ààfin ṣe ọdún. Ohun tó sì mú kí ìrántí yìí pẹ́ ni pé kò ní ògiri: ó kàn nílò àdúgbò méjì tó gbà láti jáde pàdé ara wọn ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú fi lè gbé e sọdá òkun. Ní Bàhíà lónìí, nínú ọdún odó Òṣàgìyán, bí wọ́n ṣe ń pe Òrìṣà Ògìyán níbẹ̀, àwọn olórìṣà ṣì máa ń fi àtòrì kan ara wọn lára wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ká ní ilé ni ohun ìrántí náà, etíkun ni ì bá parí sí.

Ọ̀nà kẹta ló gùn jù. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé fọ́ ní nǹkan bí ọdún 1835 tí ogun Ìlọrin sì ń sún mọ́ ìhà gúúsù, ọ̀pọ̀ ènìyàn tọ ọ̀nà ọ̀dàn wá sí agbègbè Èjìgbò, Ẹdẹ àti Ìwó, kó tó di pé Ìbàdàn dá ogun náà dúró ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840. Ìlú tó ti kọ́ bí a ṣe ń gba àlejò mọ bí a ṣe ń di àlejò pẹ̀lú. Reluwé dé Òṣogbo nítòsí ní 1907, ìrìn àjò sì rọrùn sí i. Ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, tó ti di ti Faransé láti 1893, wọ́n bẹ̀rẹ̀ reluwé láti Abidjan ní 1904, ó sì dé Bouaké ní 1912. Ibi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wà, ọjà á tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ Èjìgbò sì tẹ̀ lé ọjà. Wọ́n di oníṣòwò ní àdúgbò Treichville ní Abidjan àti káàkiri ilẹ̀ náà, débi pé èdè Faransé kì í ṣe àjèjì ní Èjìgbò mọ́. Ọkọ̀ ń kó èrò láti ìlú náà lọ sí Abidjan, ó ń gba ilẹ̀ Benin, Togo àti Ghana kọjá. Owó tí wọ́n sì ń rí bọ̀ ti kọ́ ilé, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ní ilé.

Àwọn kan á ní òwò nìyẹn, kì í ṣe ìṣẹ̀ǹbáyé, àti pé ilé símẹ́ńtì tí oníṣòwò kọ́ kò yẹ kó bá igbó òrìṣà dọ́gba. Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n ní ohun tó sọ ilé ìjọsìn abúlé Faransé di ìṣẹ̀ǹbáyé. Owó àgbẹ̀ àti oníṣòwò ìgbà kan ló kọ́ òun náà, ìran kan ló pinnu pé kí wọ́n má wó o. Ìtàn Abidjan sì ní ìjà tirẹ̀ nínú. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní 2002, àti nígbà rògbòdìyàn lẹ́yìn ìdìbò 2010, ọ̀pọ̀ ló sá padà wálé, gẹ́gẹ́ bí àwọn Yorùbá tí Ghana lé ní ìparí 1969 ti ṣe. Ìlú tó gbà wọ́n padà ni ìlú tó ti gba àwọn tó sá fún ogun Ìlọrin. Ẹni tó bá ya ìtàn méjèèjì sọ́tọ̀ kò ní rí ohun tó so wọ́n pọ̀.

Àtakò tó lágbára jù ni ti ẹ̀sìn: pé Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ló pọ̀ jù nínú ìlú, wọn kò sì ní fẹ́ kí àlejò máa wá wo ojúbọ. Òṣogbo dáhùn èyí tipẹ́. Ẹlẹ́sìn méjèèjì ló kún ìlú náà, síbẹ̀ ìjọba sọ igbó Ọ̀ṣun di ohun ìrántí ní 1965, UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Ẹ̀kọ́ kejì tí Òṣogbo kọ́ wa ni mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù. Òfin ń ṣọ́ igbó tó jẹ́ hẹ́kítà 75, ṣùgbọ́n odò tó ń ṣàn gba inú rẹ̀ ti ń rú nítorí àwọn tó ń wa góòlù lókè odò, jìnnà sí ọgbà náà. Wọ́n dáàbò bo ibùdó, wọ́n gbàgbé ọ̀nà tí omi ń gbà dé ibẹ̀.

Àṣìṣe tí Èjìgbò kò gbọ́dọ̀ ṣe nìyẹn. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan sẹ́bàá ààfin tó sì gbà pé iṣẹ́ ti parí, ojúbọ á wà níbẹ̀, ìtàn á sì ti bọ́ lọ. Iṣẹ́ tó kù kò gba owó rẹpẹtẹ: kí wọ́n sàmì sí ọ̀nà tó so Ọ̀ṣọlọ̀ mọ́ Òkè Màpó, àti àwọn ọ̀nà oko tó so Ọ̀là àti àwọn ìlú kéékèèké mọ́ Èjìgbò, kí wọ́n gba ohùn àwọn àgbà tó lọ sí Abidjan sílẹ̀, kí wọ́n sì ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọ́lé dí ojú ọ̀nà ọdún. Ilé tó bá wó ṣeé tún kọ́. Ọ̀nà tí wọ́n bá ti pín ta ní púlọ́ọ̀tì, tí àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ti kú, kò sí ẹni tí yóò mọ ibi tó gbà mọ́.