Orí àti Ara: Bí Ojú Ìwé Íntánẹ́ẹ̀tì Ṣe Ń Tọ́jú Orúkọ Ọ̀tà

Ẹni tí ó bá mọ àdúgbò ilé-iṣẹ́ Ṣàngó-Ọ̀tà mọ̀ pé páálí ọjà kì í jáde láìní àkọlé lára. A kò ní láti tú u kí a tó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, orúkọ àti ọjọ́ ni ó kọ́kọ́ ń kí òǹkàwé.

Ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì tẹ̀lé àṣà yìí, ṣùgbọ́n ó fi púpọ̀ nínú rẹ̀ pamọ́. HTML, ìlànà àmì tí a fi ń ṣètò rẹ̀, pín in sí méjì: orí àti ara. Ara ni òǹkàwé ń rí. Inú orí ni a ń kọ àkọlé, orúkọ òǹkọ̀wé àti àlàyé sí fún kọ̀ǹpútà. HTML 2.0 ti 1995 ní àmì «meta» fún irú àlàyé bẹ́ẹ̀. Ní ọdún kan náà, ìpàdé kan ní Dublin, Ohio, Amẹ́ríkà, bí ìlànà Dublin Core, tí ó wá ní ẹ̀ka 15: òǹkọ̀wé, ọjọ́, èdè àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. HTML 4.0 ti 1997 mú àmì «lang» wọlé. «Yo» ni ti Yorùbá. Òun ni ó ń sọ fún ẹ̀rọ tí ń kàwé fún afọ́jú pé èdè Yorùbá ni ó wà níwájú rẹ̀. Bí orí kò bá sì sọ pé UTF-8 ni a fi kọ ọ́, ẹ àti ọ lè di àmì tí kò nítumọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ Ọ̀tà. «Otta» ni ó pọ̀ nínú àkọsílẹ̀ míṣọ́n àti ti ìjọba amúnisìn; àkọtọ́ 1974 kò fàyè gba kọ́ńsónáǹtì méjì bẹ́ẹ̀. «Ota» ni ó wọ́pọ̀ lónìí. Láìsí àmì ohùn, ìlú ni, ọ̀tá ni, àbí ọta ìbọn? Ẹni tí ó tẹ ọ̀kan lè má rí àwọn yòókù. Dublin Core gbà kí a kọ ẹ̀ka kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nítorí náà Ọ̀tà, Ota àti Otta lè jọ wà ní orí ìwé kan.

Ó yẹ kí àwa akọ́mọlédè máa yẹ orí wò bí a ti ń yẹ ara wò. Olùdánwò mọ̀ pé ìwé ìdánwò tí kò ní nọ́ńbà lè sọnù, bí ó ti wù kí ìdáhùn inú rẹ̀ dára tó.