Ojú tí a Rí àti Ojú tí a Mọ̀

Bí a bá rí àwòrán ènìyàn tí kò jọ ẹni tí a yà, a máa ń yára sọ pé ayàwòrán náà kò mọ iṣẹ́. Kí a tó dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1906.

Ní ọdún náà, ní Èkó, Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage. Ó sapá láti yà á gẹ́gẹ́ bí ojú ti rí i, ó sì fi hàn pé ọwọ́ ènìyàn dúdú lè ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ òyìnbó rò pé kò lè ṣe. Lẹ́yìn náà ó di olùkọ́ àwòrán ní àwọn ilé-ìwé Èkó.

Ní ọdún kan náà, ní ìlú Paris, Pablo Picasso, ará Sípéènì, ń ya Gertrude Stein, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà. Obìnrin náà jókòó níwájú rẹ̀ nígbà púpọ̀. Síbẹ̀ Picasso pa orí àwòrán náà rẹ́, ó sì tún un yà nígbà tí obìnrin náà kò sí níbẹ̀. Ojú tí ó yà dàbí ojú ère: ìpéǹpéjú wúwo, ojú kan kò sì bá èkejì dọ́gba. Lára ère àtijọ́ ilẹ̀ Sípéènì ni ó ti kọ́ ọ. Ní ọdún 1907 ó tún wo àwọn ère ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì túbọ̀ kọ ìjọra sílẹ̀.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí àwa ará Òkè-Ògùn. Ní Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú ní ọmọ ọwọ́, àgbàlagbà ni agbẹ́gilére máa ń gbẹ́ láyé àtijọ́, pẹ̀lú orí ńlá àti ilà ìdílé. Kì í ṣe ohun tí ojú rí ni ó gbẹ́, bí kò ṣe ohun tí ilé mọ̀: ọmọ ta ni, àti ohun tí ìbá dà.

Lóòótọ́, a kò gbọdọ̀ foríbalẹ̀ fún ère. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kọ ìbọ rẹ̀ sílẹ̀, a kọ ọgbọ́n ọwọ́ tí ó gbẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹ̀lú. A sun púpọ̀ níná. Púpọ̀ nínú èyí tí ó kù wà ní òkè òkun, níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń kọ́gbọ́n lára wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọdé bá ya ìyá rẹ̀, tí ọwọ́ ìyá náà tóbi ju orí rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe tètè fagi lé e. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè irú iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ ń ṣe.