A Kì í Ka Ọmọ fún Ọlọ́mọ, Ṣùgbọ́n Ó Yẹ Ká Ka Àwọn Tó Wà Nílé Ẹ̀kọ́

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Kàdúná, Zaria, Jos, Kano àti gbogbo Òkè Ọya, sáà ìwé tuntun ti ń wọlé bọ̀, gbogbo wa la ń sáré owó ilé ẹ̀kọ́, yúnífọ́ọ̀mù àti bàtà. A fẹ́ fi ìtàn díẹ̀ kún ẹrù tí à ń dì fún àwọn ọmọ. Kì í ṣe pé a fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ohun kan ló wà nínú ìtàn yìí tí ọ̀pọ̀ wa kò fọkàn sí: nígbà tí wàhálà bá dé bá ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lókè ọya níbí, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ sọnù ni iye. Ẹni tó máa dìde lọ́jọ́ náà kó sọ pé iye ọmọ tó wà níbẹ̀ nìyí, orúkọ wọn nìyí, òbí wọn nìyí, ó ṣòro láti rí.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí àlejò bá bi àgbàlagbà pé ọmọ mélòó lẹ bí, á ní Ọlọ́run ló mọ iye wọn. A ò bá àṣà jà o. Ṣùgbọ́n àwa oníṣòwò yìí kan náà la mọ iye páálí tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹyọ kan bá dín, kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2000. Ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ 21, oṣù kejì, tí ìjà lórí òfin Ṣàríà bẹ́ sílẹ̀ ní Kàdúná. Àwọn ọmọ wà nílé ẹ̀kọ́, àwa wà lọ́jà. Fóònù alágbèéká kò tíì wọ́pọ̀, torí oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Nàìjíríà. Àdúgbò kan ń jó, èkejì ò tíì gbọ́. Ẹlòmíì sá lọ sí bárékè ṣọ́jà, ẹlòmíì sá lọ sí tọlọ́pàá. Òbí wà lọ́tọ̀, ọmọ wà lọ́tọ̀, ìjọba sì ti kéde kónílé-ó-gbélé. Bí wọ́n bá bi ọmọ kékeré pé kí lorúkọ bàbá ẹ, "Dádì" ló máa sọ. Níbo lẹ̀ ń gbé? "Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí." Mọ́ṣáláṣí mélòó ló wà ní Kàdúná?

Irú ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Jos ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, ní Kàdúná ní oṣù kọkànlá ọdún 2002, ní Jos ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, àti lẹ́yìn ìdìbò ní oṣù kẹrin ọdún 2011. Láyé ìgbà yẹn, ojú ọ̀nà láti ilé ẹ̀kọ́ sí ilé ni ewu wà. Ohun tí àwọn ìdílé wa fi ń dáàbò bo ọmọ ni pé wọ́n á ti bá onílé kan tó sún mọ́ ilé ẹ̀kọ́ sọ ọ́ ṣáájú, Hausa ni o, Igbo ni o, pé bí ìlú bá dàrú, ọ̀dọ̀ yín lọmọ wa máa sá wá, a ó wá mú un bí ilẹ̀ bá rọ̀. Àdéhùn ẹnu lásán ni, ṣùgbọ́n ó gba ẹ̀mí là.

Nígbà tó di ọdún 2014, ewu wọ inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 25, oṣù kejì ọdún náà, Boko Haram pa àwọn ọmọkùnrin ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Buni Yadi, ìpínlẹ̀ Yobe. Kò tó oṣù méjì, ní alẹ́ ọjọ́ 14, oṣù kẹrin, wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin ní Chibok, ìpínlẹ̀ Borno. Aṣọ ṣọ́jà wà lára wọn, wọ́n ní ààbò làwọn fẹ́ fún àwọn ọmọ náà. Àwọn ọmọ kóra jọ sójú kan. Ìdánwò ló kó wọn jọ síbẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ wá láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, iléeṣẹ́ ológun ní ọ̀pọ̀ ti padà, pé mẹ́jọ péré ló kù. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yí ọ̀rọ̀ náà padà. Nígbà tí wọ́n kà á dáadáa, 276 ni wọ́n kó lọ. Àwọn 57 bọ́, àwọn mìíràn nínú wọn bẹ́ sílẹ̀ látorí ọkọ̀. 219 ló kù.

Ní ọjọ́ 19, oṣù kejì ọdún 2018, ó kan Dapchi ní Yobe. Ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́kọ́ ní wọ́n ti gba àwọn kan padà, lọ́jọ́ kejì wọ́n tọrọ àforíjì. Àwọn òbí fúnra wọn ló jókòó, tí wọ́n ń kọ orúkọ ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. 110 ló já sí.

Kankara ní Katsina, oṣù kejìlá ọdún 2020. Àwọn ọmọ fò fẹ́ǹsì, wọ́n sá wọ igbó. Gómìnà ní 333 ni wọn ò rí, ó ní àwọn ṣì ń pe àwọn òbí tó ní nọ́ńbà fóònù láti mọ̀ bóyá ọmọ wọn ti délé. Nígbà tí wọ́n máa tú wọn sílẹ̀, 344 ló padà. Ẹ ṣírò ọ̀ọ́: àwọn tó padà pọ̀ ju àwọn tí wọ́n ní wọ́n sọnù lọ.

Ní ọjọ́ 5, oṣù keje ọdún 2021, ó dé ẹnu ọ̀nà tiwa: Bethel Baptist High School ní Damishi, níbí ní Kàdúná. Ẹ mọ̀ pé àwọn oníṣòwò wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ wà lára àwọn tó gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi wá sókè ọya. 140 la kọ́kọ́ gbọ́, kó tó di 121. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń tú wọn sílẹ̀, oṣù lórí oṣù. Ní Kuriga, oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n kọ́kọ́ ní 287, 137 ló padà, gómìnà sì ní iye tó tọ́ nìyẹn.

Ẹ má sọ pé ẹ ó kó ọmọ lọ sílé kẹ́ ẹ fọwọ́ lẹ́rán. Ní ọdún 2017, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ni wọ́n kó ní Ìgbónlà, lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n sì lo ju oṣù méjì lọ ní ìgbèkùn. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, inú bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti kó ọmọ àti olùkọ́ ní Ẹmùrẹ́-Èkìtì.

Ìjọba náà ṣe ìwé. Lẹ́yìn Chibok, wọ́n dá ètò ààbò ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú Gordon Brown, àwọn olówó ilẹ̀ wa sì ṣèlérí mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn ààbò ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe ní Oslo lọ́dún 2015. Lọ́dún 2023, Sífú Dìfẹ́ǹsì ní ọ́fíìsì pàtàkì fún un l'Ábùjá, ètò ìnáwó láti 2023 sí 2026 sì jẹ́ bílíọ̀nù 144.8 náírà. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ yọjú wo ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò yín: ṣé ògiri rẹ̀ yí i ká? Ṣé ẹnì kan ń pe orúkọ àwọn ọmọ lálẹ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa àjèjì ju onílùú lọ. A ń kó kúrò nílé dé ilé. A ń pààrọ̀ láìnì fóònù. Nọ́ńbà tó wà nínú fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ lè ti kú láti ọdún mẹ́ta. Ẹbí wa wà ní Ọ̀ffà, Ìwó àti Ìlọrin, ilé ẹ̀kọ́ ò mọ̀ wọ́n. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé, ta ló máa mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n wá a?

Ohun tá a ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ ṣe kó tó di ọjọ́ ìwọlé nìyí:

1. Ẹ kọ orúkọ ọmọ ní kíkún, orúkọ bàbá àti ìyá, àdírẹ́sì, nọ́ńbà méjì níbí àti ọ̀kan nílé, àìsàn tó ń ṣe é àti oògùn tó ń lò. Ẹ lẹ fọ́tò tuntun mọ́ ọn.

2. Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan nílé, ọ̀kan lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́, ọ̀kan nínú ẹ́ńfílóòpù tí ẹ lẹ̀ pa lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sórí Facebook tàbí WhatsApp. Àwọn ajínigbé náà ń ka nǹkan.

3. Kí ọmọ mọ nọ́ńbà kan lórí, kó sì mọ orúkọ tí ìjọba mọ bàbá àti ìyá rẹ̀ sí. Ẹ kọ́ ọ ní 112 náà.

4. Ẹ sọ fún ilé ẹ̀kọ́ ẹni méjì tó lè wá mú ọmọ. Ẹni tí kò bá sí nínú ìwé, kó padà, bó tilẹ̀ jẹ́ àbúrò yín.

5. Ẹ sọ ilé tí ọmọ máa sá sí, kẹ́ ẹ sì mú un dé ibẹ̀ kí onílé rí ojú rẹ̀.

6. Ní ìpàdé òbí àti olùkọ́, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń sùn sí pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń ka ọmọ lóòjọ́, ta ló ń kà á, níbo ni ìwé náà ń sùn. Bó bá jẹ́ inú ọ́fíìsì nìkan ni, tí ọ́fíìsì bá jó ńkọ́? Ẹ bèèrè bákan náà bí àwọn ọmọ ṣe máa dá ṣọ́jà gidi mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó kàn wọ aṣọ ṣọ́jà.

Ẹ padà wo ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yẹn dáadáa. Wọn ò ní ká má ka ọmọ. Wọ́n ní a kì í kà á fún ọlọ́mọ. Ní Chibok, ológun ló ń kà á. Ní Kankara àti Kuriga, gómìnà ló ń kà á. Nítorí náà, kí ọlọ́mọ fúnra rẹ̀ kà á, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì mọ ibi tí ìwé náà wà.

Ọlọ́run á bá wa wò wọ́n, a ò ní fi wọ́n ṣọ̀fọ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí han ẹni tí kò tíì kà á.