Láti Ọṣẹ Dúdú Dé Òtápiápiá: Ohun Tí A Ti Fi Wẹ Ajá Rí

 

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́, àgbàdo, adìẹ àti ewúrẹ́ la sábà máa ń bá yín sọ. Lónìí, ọ̀rọ̀ ajá la gbé wá. Ẹlòmíì á ní, kí ló kan àgbẹ̀ kan ajá? Ó kàn wá púpọ̀. Ajá ló ń lé ọ̀bọ kúrò lóko àgbàdo, òun ló ń lé ọ̀yà àti òkété, òun náà ló ń ṣọ́ ilé adìẹ lóru. Síbẹ̀, nínú gbogbo ẹran tó wà lágboolé, òun la kì í fẹ́ náwó lé lórí. Oògùn tó bá ṣẹ́ kù lóko la fi ń wẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ó ní ìtàn. Ẹ jẹ́ ká tọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn wá.

Ayé àwọn ọdẹ

Àwọn onímọ̀ sọ pé ajá ni ẹran àkọ́kọ́ tí ọmọ èèyàn sọ di ẹran ilé, ó sì ti ju 14,000 ọdún lọ. Ìran ìkookò ni. Kò tíì sí ewúrẹ́, kò tíì sí adìẹ lágboolé ẹnikẹ́ni nígbà tí ajá ti ń bá ọdẹ rìn. Nílẹ̀ Yorùbá náà, ẹnìkejì ọdẹ ni, ẹran Ògún sì ni. Orúkọ tó wu ni là á sọ ajá ẹni, àwọn bàbá wa sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ ajá ránṣẹ́ sí aládùúgbò. Wọ́n á sọ ọ́ ní Tanímọ̀la, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí á sì gbọ́. Bingo ló kù báyìí.

Ọdẹ tó bá fẹ́ kí ajá òun lè sáré kì í fi í sílẹ̀ fún eégbọn. Lálẹ́, wọ́n á fa ajá mọ́ra, wọ́n á tú etí rẹ̀ wò, wọ́n á wo àárín ìka ẹsẹ̀, abíyá àti abẹ́ ìrù. Eégbọn tí wọ́n bá rí, wọ́n á fà á tu, wọ́n á jù ú síná. Adìẹ tó ń jẹ̀ káàkiri agboolé náà ń bá wọn ṣa eyí tó já bọ́. Ẹ mọ òwe yẹn: eégbọn so mọ́ ayínrín nímú, wọ́n ní kí adìẹ wá já a jẹ, adìẹ mọ̀ pé oúnjẹ òun ni eégbọn, ó sì mọ̀ pé oúnjẹ ayínrín lòun náà.

Ọṣẹ dúdú ni wọ́n fi ń wẹ ajá, eérú àti àdín ló sì wà nínú ọṣẹ ọ̀hún. Bí ara bá ń yún ajá tí irun rẹ̀ ń re, wọ́n á fi àdín pa á. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ń ṣiṣẹ́, a ò ní parọ́. Ọṣẹ dúdú le, bí a bá fi ń wẹ ajá lójoojúmọ́, á gbẹ ara rẹ̀. Àdín nìkan kò sì lè wo ara yíyún tó bá ti wọlé jìnnà.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí nǹkan kan níbẹ̀. Ajá máa ń lá ara rẹ̀. Ohun tá a bá fi pa á lára láàárọ̀, á ti dénú ikùn rẹ̀ kó tó dọ̀sán. Àdín tí àwọn bàbá wa ń lò, bí ajá bá lá a, kò ní pa á. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibi tá a ti ṣìnà nìyẹn lẹ́yìn wọn.

Nígbà tí oògùn kòkó wọ agboolé

Lọ́dún 1939, onímọ̀ kan ní Switzerland tó ń jẹ́ Paul Müller rí i pé DDT ń pa kòkòrò. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1948. Gbogbo ayé rò pé ogun kòkòrò ti parí. Kò pẹ́ tí àwọn oògùn mìíràn irú rẹ̀ fi dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ kòkó wa láti kojú kòkòrò tó ń mu omi ara igi kòkó. Èyí tí àwọn àgbà mọ̀ jù ni Gammalin 20. Lindane ni orúkọ oògùn inú rẹ̀.

Ó ṣiṣẹ́ lóko lóòótọ́. Àmọ́ nǹkan tó bá ṣiṣẹ́ lóko, a máa ń gbé e wálé. Àwọn kan gbé e lọ sódò láti fi pa ẹja. Àwọn mìíràn pò ó mọ́ omi, wọ́n fi wẹ ajá. Eégbọn já bọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iṣan ara ni lindane ń bá jà, kì í sì í tètè tán nínú ọ̀rá ara. Ajá á máa gbọ̀n, gìrì á mú un, àwọn ará ilé á ní wọ́n fi nǹkan ṣe é ni. Lọ́dún 2009, àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí àdéhùn Stockholm fi lindane sára àwọn oògùn tí wọ́n fẹ́ kó parẹ́ nínú iṣẹ́ oko láyé.

Ọkọ̀ náà dé, gáréèjì mẹkáníìkì dé, kọ́ńdẹ̀m ọ́ìlì wá di oògùn ara yíyún. Títí di òní, a ṣì ń rí ajá tí wọ́n fi kọ́ńdẹ̀m ọ́ìlì pa láti orí dé ìrù, tó dúdú bí ìkòkò ọbẹ̀. Ọ́ìlì yẹn ti gbé èérí irin àti èéfín ẹ́ńjìnnì. Ó ń bó awọ ara, ajá sì ń lá a mì.

Òtápiápiá

Èyí tó burú jù lóde báyìí ni òtápiápiá. Dichlorvos ló wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, òun náà ló wà nínú àwọn ike kéékèèké tí à ń fi pa kòkòrò ẹ̀wà. Ó rọrùn láti rí, kò wọ́n, ó sì ń pa eégbọn lójú ẹsẹ̀. Ìdí tí àwọn èèyàn fi ń dà á sómi ìwẹ̀ ajá nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ o. Dichlorvos ń gba awọ ara wọlé, ó ń gba imú wọlé, ó tún ń gba ẹnu wọlé nígbà tí ajá bá lá ara rẹ̀. Ohun kan wà nínú ara ẹran tó máa ń sọ fún iṣan pé iṣẹ́ ti tó, sinmi. Ohun náà ni oògùn yìí ń dá dúró. Iṣan ò ní sinmi mọ́. Itọ́ á máa dà lẹ́nu ajá, ojú rẹ̀ á máa ṣomi, á máa bì, á máa yàgbẹ́, ẹyinjú rẹ̀ á kéré bí ojú abẹ́rẹ́, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, lẹ́yìn náà èémí á há. Ẹni tó ń fọwọ́ lásán wẹ̀ ẹ́ náà ń gba tiẹ̀ sára. Lọ́dún 2019, NAFDAC fòfin de títa ike kéékèèké rẹ̀ tó jẹ́ 100 ml sí ìsàlẹ̀, nítorí bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣì í lò.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tàbí kẹ́ ẹ fi ọ̀rá di ọwọ́, kẹ́ ẹ fi ọ̀pọ̀ omi àti ọṣẹ fọ ara ajá náà, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran lójú ẹsẹ̀. Ẹ mú ike oògùn náà dání. Abẹ́rẹ́ tó lè gbà á là wà lọ́wọ́ dókítà. Ẹ má da epo pupa tàbí mílíìkì sí i lọ́fun. Ó lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kó sì pa á kíákíá.

Abẹ́rẹ́ màlúù

Oògùn kan tún wà tó dáa gan-an, tí àwa náà sì ń bà jẹ́. Láti inú iyẹ̀pẹ̀ ilẹ̀ Japan ni Satoshi Ōmura ti rí kòkòrò aláìfojúrí tí wọ́n ti mú un jáde, William Campbell sì bá a ṣiṣẹ́ náà ní Amẹ́ríkà. Ivermectin ni. Lọ́dún 1981 ló bọ́ sọ́jà fún ẹran. Lọ́dún 1987, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é sọ pé àwọn á máa fún àwọn èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ fún àrùn ojú odò. Òun ni Mectizan tí wọ́n ń pín lábúlé, tí wọ́n máa ń fi ọ̀pá wọn gíga wa kí wọ́n tó fún wa. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2015.

Ẹ ṣé ẹ rí ọ̀pá ìwọnra yẹn? Torí pé ìwọ̀n ṣe pàtàkì ni. Igò tí wọ́n ń tà fún màlúù, 1 ml rẹ̀ wà fún màlúù tó wọn kílò 50. Ajá ìbílẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ wọn ò ju kílò 15 lọ. Ẹni tó bá wá fa 1 ml tàbí 2 ml fún ọmọ ajá, ẹ fúnra yín ẹ ṣírò rẹ̀. Àwọn ẹ̀yà ajá òyìnbó kan tún wà, bíi Collie, tí oògùn náà lè tètè ṣe ní jàǹbá. Nítorí náà, ẹni tó ń gún màlúù lábẹ́rẹ́ kọ́ ni kó gún ajá yín.

Dìgbòlugi, ohun tí àdín kò lè wò

A ti yin àwọn bàbá wa, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ọwọ́ wọn ò tó. Pé a ní orúkọ dìgbòlugi lédè wa fi hàn pé wọ́n mọ àrùn náà dáadáa. Wọ́n mọ̀ pé ajá tó bá yí ìwà padà, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tó ń bu ohun gbogbo jẹ, ewu ni. Oògùn rẹ̀ ni wọn ò ní. Kò sí ẹni tó ní in láyé nígbà yẹn.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1885, ní Faransé, Louis Pasteur mú kí wọ́n fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan lábẹ́rẹ́. Joseph Meister lorúkọ rẹ̀, ajá ti bù ú jẹ lójú púpọ̀. Ọmọ náà yè. Àtìgbà náà lọ̀nà ti ṣí. Nílẹ̀ wa, ilé ìwádìí àrùn ẹran tó wà ní Vom, nítòsí Jos, wà láti ọdún 1924, ó sì wà lára àwọn tó ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ajá. Ìbàdàn pàápàá ní orúkọ nínú ìtàn yìí: lọ́dún 1968, ara asín ni wọ́n ti rí ìbátan kòkòrò àrùn dìgbòlugi kan, wọ́n sì fi orúkọ àdúgbò Mokola pè é. Wọ́n ti kọ́kọ́ rí ìbátan rẹ̀ mìíràn lára àdán l'Ékòó lọ́dún 1956.

Síbẹ̀, ajá ni ẹ jẹ́ ká mójú tó. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé nínú èèyàn 100 tí dìgbòlugi pa, ajá ló kó o ran bíi 99. Wọ́n fojú bù ú pé èèyàn bíi 59,000 ló ń pa lọ́dún, Áfíríkà àti Éṣíà ló sì pọ̀ jù. Àwọn ọmọdé tí ò tíì pé ọdún 15 pọ̀ nínú wọn, torí àwọn ló ń bá ajá ṣeré. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára èèyàn, ikú ló sábà máa ń já sí. Ṣùgbọ́n bí a bá fún 70 nínú ajá 100 ládùúgbò lábẹ́rẹ́, àrùn náà ò ní rí ọ̀nà gbà mọ́.

Ohun tó yẹ ká mú nínú ìtàn yìí

Ajá ìwòyí ló mọ ehoro ìwòyí í lé. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó dáa nínú ti àtijọ́, ká fi ti ìsinsìnyí kún un.

1. Ẹ máa fọwọ́ yẹ ara ajá wò lálaalẹ́ bí àwọn ọdẹ ti ń ṣe: etí, àárín ìka, abíyá, abẹ́ ìrù. Ẹ fa eégbọn tu jẹ́ẹ́jẹ́ láti ìdí. Ẹ má fi èékánná tẹ̀ ẹ́ fọ́.

2. Ẹ wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin pẹ̀lú ọṣẹ tí kò le. Kí omi má wọ etí. Ẹ ṣan ọṣẹ kúrò dáadáa, kẹ́ ẹ sì nù ún gbẹ. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ya irun rẹ̀ kí ẹ lè rí awọ.

3. Ẹ tọ́jú ibi tó ń sùn. Abo eégbọn kan lè yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin sínú ihò ara ògiri, ó sì lè gbé ọ̀pọ̀ oṣù láìjẹun. Ẹ dí ihò wọ̀nyẹn, kẹ́ ẹ máa gbá ibẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa sun pàǹtírí rẹ̀.

4. Oògùn eégbọn tí wọ́n kọ ajá sí lára ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ wọn ajá kẹ́ ẹ tó lò ó. Bí ìtọ̀ ajá bá pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, tí èrìgì rẹ̀ funfun, tí kò jẹun, àrùn eégbọn lè ti wọ ẹ̀jẹ̀. Dókítà ẹran ló kàn.

5. Ẹ lé e kúrò níbi tẹ́ ẹ ti ń sá kòkó. Ohun kan wà nínú èso kòkó tó ń ba ọkàn ajá jẹ́.

6. Láti oṣù mẹ́ta ni ajá ti lè gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kó sì máa gbà á lọ́dọọdún. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ni àyájọ́ dìgbòlugi lágbàáyé. Ọ̀pọ̀ ibi máa ń fún ajá lábẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà yẹn. Ẹ béèrè ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ yín.

7. Bí ajá bá bu èèyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ gbéra lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Kì í ṣe epo, kì í ṣe àgbo. Ẹ má dúró wò ó bóyá á burú.

Bẹ́ ẹ bá gbàgbé gbogbo èyí tó kù, ẹ má gbàgbé ẹyọ kan: ohun tí ẹnu ajá kò gbọ́dọ̀ kàn, kò gbọ́dọ̀ kan ara rẹ̀. Oògùn oko, kó dúró lóko.

Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí àgbẹ̀ mìíràn tó ní ajá.